Epo Tí Àtọ́kẹ́ Kò Tà

Àtọ́kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Epo pupa ló ń ṣe ní Ìkìrun láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ, ẹni tó bá sì ra epo rẹ̀ kì í bá omi nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bí Motọ́láyọ̀ fún Gbádébọ̀ ní Òkukù. Ikú mú ẹ̀gbọ́n náà lọ nígbà tí ọmọ ṣì ń rákòrò. Gbádébọ̀ gbé ọmọ wá sí Ìkìrun, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ó fẹ́ Dúródọlá, ó bí ọmọ mìíràn, kò wá mọ́. Àtọ́kẹ́ fi ẹ̀kọ mímu tọ́ ọmọ, ó fi epo rán an nílé ìwé títí ó fi di nọ́ọ̀sì. Màmá ni Motọ́láyọ̀ ń pè é.

Nígbà tí ọkọ jáde láti Ìnísà, wọ́n ní Òkukù ni wọn yóò ti kọ ẹrù ìdána. Àtọ́kẹ́ kò jiyàn. Ilé bàbá ni wọ́n ti ń fọmọ fọ́kọ. Ó wọ mọ́tò lọ, ó jókòó.

Dàmọ́lá, àbúrò Gbádébọ̀, ló ń kọ ọ́. Iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, gbogbo rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n wá kan aṣọ ìyá ìyàwó. Ẹni tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Gbádébọ̀ ní kí ó kọ Dúródọlá. Dúródọlá tún gèlè ṣe, ó ń wolẹ̀.

Àtọ́kẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní aṣọ ló ń wọ̀ ọ́ lójú.

Ìgbà tí wọ́n dé orí epo ni Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, a ò gbàgbé yín o. Mo ti kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni kí àwọn àna ti wá ra epo. Iye tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ tà á fún wọn.”

Dúródọlá pàápàá gbójú sókè. Lágbègbè wọn, ìyá kì í ta ẹrù ìdána ọmọ rẹ̀ fún àna. Ẹni tó bá tà á ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọlọ́jà lòun.

Àtọ́kẹ́ ní kí Dàmọ́lá tún un kà. Ó tún un kà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Dàmọ́lá, nígbà tí ìyá rẹ ń fa àbúrò rẹ fọ́kọ, ṣé ó ta epo fún àna rẹ̀?”

Dàmọ́lá bẹ̀bẹ̀, ó ní òun kò rò ó débẹ̀. Gbádébọ̀ ní kí ló wá dà bí ìjà nínú ọ̀rọ̀ epo.

“Oore la ń ṣe ọ́, Àtọ́kẹ́. Àbúrò ìyá ni ọ́. O kì í ṣe ìyá.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá Motọ́láyọ̀. Nígbà tí ara ọmọ gbóná, tí mo pọ̀n ọ́n dé ilé àdúrà ní Ìbà, ẹ ò wá sọ pé àbúrò ìyá ni mí. Ẹ pa epo yẹn rẹ́. Kí ẹ kọ orúkọ mi síbi aṣọ.”

Gbádébọ̀ ní kò ṣeé ṣe, Dúródọlá ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé òun ni ìyá ìyàwó.

“Ó dáa. Ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ẹ bá kọ. Motọ́láyọ̀ ńkọ́? Ta ni òun yóò kúnlẹ̀ fún? Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.”

Àtọ́kẹ́ dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó jáde.