Ọjọ́ Tí Ṣàmsúdéènì Ṣàdúrà fún Mùktárù

Ní Ṣógúnlé, etí ni Ṣàmsúdéènì fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kó tó fọwọ́ kan sípánà, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ ní àsọdùn ni? Jẹnẹrétọ̀ kan wúkọ́ ní Àjàó Estate lọ́jọ́ kan, ìsọ̀ rẹ̀ ni Ṣàmsúdéènì jókòó sí tó ti dá a lóhùn: "Pẹ̀lẹ́, plọ́ọ̀gì ẹ ló dọ̀tí."

Ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ ṣe mú tó, bẹ́ẹ̀ náà ni inú ṣe máa ń tètè bí i tó. Ẹni tó bá fẹ́ dáná láìsí ìṣáná, kó ṣáà dárúkọ Mùktárù, mẹkáníìkì òdìkejì títì, lójú rẹ̀.

Àfi bí etí òsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, tí kò sì gbọ́ràn mọ́. Ṣàmsúdéènì á ní plọ́ọ̀gì ni, á jẹ́ kábúrétọ̀. Ni àwọn oníbàárà bá ń yọ́ sọdá sọ́dọ̀ Mùktárù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Awọ inú etí yín ti lu, Bàbá," Dókítà Ọládùnní wí, ní ọsibítù kan n'Ísọlọ̀. "A máa lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kéré: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti tó láti bo gbogbo ibi tí mò ń wò. Ẹ̀jẹ̀ yín sì ń ru."

"Kó ru nìkan kẹ̀? Ó ń fò ni!" Bàṣírátù, ìyàwó rẹ̀, dáhùn. "Dókítà, ẹ má dárúkọ Mùktárù níbẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Mardiyah. A óò pa etí náà kú kó má dùn wọ́n, a óò sì fún wọn lóògùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọn ò ní sùn fọnfọn, àmọ́ ọkàn wọn á máa lù jẹ́jẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì máa rọra rìn."

Iṣẹ́ abẹ ti dé ìdajì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ọsibítù wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.

"Mùktárù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún nǹkan yìí ṣe lánàá ni o!" nọ́ọ̀sì pariwo.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Ṣàmsúdéènì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tòògbé. "Mùktárù... ọmọ dáadáa. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ẹ̀."

Inú etí gbẹ bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Dókítà bá tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí Bàṣírátù gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ó ṣàdúrà fún ta? Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ ta lẹ fẹ́ gbé fún mi yìí?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi dí etí náà kúrò. Dókítà ní kí Bàṣírátù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí etí òsì náà. Bàṣírátù fi àtẹ́lẹwọ́ dí etí ọ̀tún, ó rẹ ohùn sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ èèrà pariwo jù ú lọ:

"Mùktárù mọṣẹ́ jù yín lọ."

Ṣàmsúdéènì fò dìde, fìlà bọ́ sílẹ̀. "Mùktárù wo? Mùktárù tó ń fi òòlù tú plọ́ọ̀gì?"

Bàṣírátù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Alhamdulillahi! Ó gbọ́. Ọkọ mi náà sì ni!"