Ọnà Tí Ràímì Ní Òun Dá

Ràímì yí ọrùn agbádá kan sódì. Ó fi àtàǹpàkò ra òwú ẹ̀yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Àtàǹpàkò dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ọwọ́ èèyàn a máa fi kókó sẹ́yìn aṣọ. Èyí ò ní.

"Ẹ̀rọ ló ṣe é," ni Ràímì wí. "Olè ni."

Festus, oníbàárà rẹ̀, ló yá agbádá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dópẹ̀mú, pé irú ọnà yìí ni òun fẹ́ sára tòun. Ọdún 1997. Òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́rùn agbádá. Ọnà tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ràímì.

"Èmi ni mo dá a. Ẹ̀rọ ò ní ọpọlọ, kò lè ronú nǹkan tuntun, àfi kó jí tẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí Festus ní wọ́n ti ṣe agbádá náà. Ṣọ́ọ̀bù Ìdíátù, tó ṣáájú Ràímì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ránṣọ láìsí ọwọ́ lórí ẹ̀.

"Sístà, ẹ̀rọ yín jí ọnà mi!"

"Ọnà ta? Ràímì, má dójú ti ara ẹ níwájú oníbàárà, jàre."

"Èmi ni mo dá a."

Ìdíátù fa ìrépé aṣọ funfun kan yọ. Òṣùpá mẹ́ta. Ọ̀gá wọn máa ń fún ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní irú ẹ̀ lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, pẹ̀lú àṣẹ kan: kó fi tirẹ̀ kún un kó tó ṣe é sára aṣọ oníbàárà.

"Wo tèmi lára agbádá yìí dáadáa. Mo ní kí ẹ̀rọ yí òṣùpá kan padà. Ó kọjú sí èkejì, ewé yọ láàárín wọn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀."

Ewé. Ràímì ò rí i ní Dópẹ̀mú. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń wò.

"Ẹ̀rọ ló wá dá ewé yẹn, àbí ẹ̀yin, màdáàmù?" ni Festus bi í.

"Mi ò mọ̀, ṣá. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ewé ni. Èmi ni mo rí i, mo ní kó dúró." Ó yíjú sí Ràímì. "Ìwọ tó lọ́pọlọ ńkọ́? Kí lo fi kún tìẹ?"

Ràímì wo ìrépé náà. Òṣùpá mẹ́ta lòun ń ṣe, bí ọ̀gá ṣe fún un, kò dín, kò lé. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ojú tì í débi pé kò lè wo Festus, tó ti ń tẹ́ aṣọ rẹ̀ sórí tábìlì Ìdíátù.

Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ṣe agbádá Festus. Ràímì ṣì ń ṣe òṣùpá mẹ́ta ní Dópẹ̀mú. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló dá a, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń sọ.