Bàbá Ọlọ́pọ̀lọ́ àti Òùngbẹ Mi

Omi ìfọwọ́ ni mo ń mu nígbà tí màmá mi ká mi mọ́ ẹ̀yìn ilé. Epo ọbẹ̀ léfòó lórí rẹ̀, mi ò sì dúró. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ọjọ́ kejì rèé tí wọ́n ti ti kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ yàrá, torí pé mo ń mu ún láìsinmi, mo sì ń tọ̀ sórí ẹní lójoojúmọ́.

Màmá mi na pàṣán sókè. Bàbá tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa ní àdúgbò Boundary jáde, aṣọ rẹ̀ ń rùn kàfúrà bó ṣe máa ń rí. Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́ ní lábù yunifásítì kan. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọdé fi ń pè é ní Bàbá Ọlọ́pọ̀lọ́.

Ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Awọ náà ò tètè padà.

"Ìyá Ṣadé, fún ọmọ yìí lómi."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá, á tún tọ̀ ọ́ sórí ẹní ni."

"Jẹ́ kó tọ̀ ọ́."

Ife mẹ́rin ni mo mu nínú omi tirẹ̀. Lẹ́yìn náà la jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn, fèrè tírélà Apápá ń dún létí wa.

Níbi tí a jókòó dúró de dókítà ni bàbá ti ṣàlàyé. "Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọpọlọ inú orí ọ̀pọ̀lọ́ á tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù ni wọ́n ń pè é. Tó bá dé ara àpò ìtọ̀, omi inú àpò náà á gba ara awọ rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Mo ti fojú mi rí i ní lábù: àpò tó kún á súnkì. Tiwa, inú kíndìnrín ló ti ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ó jọ pé ọmọ yìí ò ní in tó."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ mi."

"O ò mọ̀ ni," ni bàbá wí. "Ta ló sọ ọ́ fún ọ rí?"

Àyẹ̀wò fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n fún mi lóògùn tí wọ́n ń kán símú. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, màmá mi gbé ẹní mi sókè láàárọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó gbẹ táútáú.

Mo ti dàgbà báyìí, Bàbá sì ti kú. Mo ṣì ń lo oògùn náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Ijora. Tí mo bá rí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá tí wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ, mo máa ń lọ bá ìyá rẹ̀. N kì í dá a lẹ́bi. Ohùn tí bàbá fi bá màmá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo máa ń wá láti fi bá a sọ̀rọ̀.