Omi Gbígbóná Tí A Wá Lọ sí Ìwàrà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú oko kòkó kan ní Ìwàrà.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ọ̀gá mi ní iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ní Òṣogbo sọ pé bí Ìkógòsí bá ní omi gbígbóná, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà gbọ́dọ̀ ní in, a ó sì fi ooru rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Gbọ́dọ̀ kẹ̀? Ta ló bá a wo abẹ́ ilẹ̀? Èmi, ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó ẹrù, a kọrí sí Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. A ó kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ó fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì àti mítà, èmi a sì ka mítà. Níbi tí omi gbígbóná bá wà, iná a máa tètè gba inú ilẹ̀ kọjá, nọ́ńbà mítà a sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tútù lè fa irú rẹ̀, iyọ̀ náà lè fà á.

Ọjọ́ mẹ́rin, pàbó! Ní ọjọ́ karùn-ún, nínú oko Ìyá Rónkẹ́, opó tí kò ní oko mìíràn, nọ́ńbà já wálẹ̀. Ọ̀gá mi fò sókè! Ó ní kí wọ́n sàmì sí àwọn kòkó tí wọn yóò gé kí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ lè ráyè wọlé.

Ìyá Rónkẹ́ ń wò wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

Mo ní omi gbígbóná là ń wá, mà.

Ẹ̀rín pa á. "Ẹ ò bá wá sílé, ṣebí mo ní ìkòkò! Ibi tí ẹ kan irin mọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ìyá mi àti ìyá tiẹ̀ ti ń rẹ aṣọ láró. Omi eérú tí wọ́n fi ń po aró tí wọ́n dà síbẹ̀, ó tó odò."

Omi eérú! Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi iyọ̀ lójú mítà. N kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀ o. A sún irin síwájú, nọ́ńbà gòkè. A sún un sápá òsì, ó gòkè. A mú àwọn irin jìnnà síra wọn kí iná lè wọlẹ̀ dáadáa, ó tún gòkè. Omi gbígbóná wo ni kò ju àgbàlá aláró kan lọ?

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó ní ṣé ìyá àgbà yìí ló kọ́ mi níwèé ni? Ó ti kéde fáwọn ọ̀gá tiẹ̀ pé a ti rí omi! Ó ní kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé pé omi gbígbóná wà níbẹ̀. N kò fọwọ́ sí i.

Inú ṣì ń bí mi. Yàrá fáìlì ni ọ̀gá gbé mi sí, eruku ni mo ń ṣe ìwádìí rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè jáde láìsí ìbuwọ́lù ẹni tó ka mítà. Kòkó Ìyá Rónkẹ́ ṣì wà lóòró.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí a tó kan irin mọ́lẹ̀, kí a kọ́kọ́ bi onílẹ̀ léèrè. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí sí ohun tí ẹ kò rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo láyè láti kà á.