Béèsì Tó Máa Kan Àyà Rẹ̀

Àdúróta ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin ń pè é, nítorí pé ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti ń dúró ta béèsì, gìtá ràgàjì tó ga ju ẹni tó ń ta á lọ. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò sí olórin tó ṣi ohùn mú níwájú rẹ̀ tí kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun gan-an kò gbọ́ ohun tó ń ta mọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa nínú yàrá kejì, kíá ló máa gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló kọ̀ tí kò wọ etí rẹ̀ mọ́, òun gan-an ló sì fi ń jẹun. Ọgbọ́n tó ń dá ni pé á gbé àyà lé pákó béèsì náà, á máa fi egungun ìhà gba ohùn. Àwọn ènìyàn rò pé ìfẹ́ orin ló jẹ́ kó dì mọ́ ọn bí ọkọ ìyàwó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àgàgà àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ akọrin àti olórí ẹgbẹ́.

Wàhálà dé nígbà tí ọrùn béèsì àtijọ́ náà kán sínú ọkọ̀. Ọjọ́ Ajé ni ẹgbẹ́ máa gbéra fún ìrìn àjò oṣù méjì, Sátidé sì ti dé. Àbúrò rẹ̀ ní béèsì oníná ni kí wọ́n rà, irú èyí tí kò gba àyè. Tí Bọ̀dá rẹ̀ ò bá rí èyí tó wù ú lónìí, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀ tó máa bá wọn lọ. Ẹ̀rù ba Àdúróta débi pé kò lè jẹun àárọ̀.

Wọ́n lọ sí sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, méjì sì ni onísọ́ọ̀bù gbé kalẹ̀ fún wọn. Èkíní dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, kò ní ikùn rárá. Èkejì ní ikùn pákó pẹlẹbẹ kan tó ṣófo nínú. Onísọ́ọ̀bù ki wáyà bọ èkíní, ó tan sípíkà. Àdúróta fa okùn. Bí ìka rẹ̀ ṣe ń ha okùn nìkan ló gbọ́. Kò sí nǹkan kan tó dé àyà rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ó mà dùn o, Bọ̀dá mi! Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara!”

“Ó dùn,” ó parọ́. “Àmọ́ kò lára.”

“Ara kẹ̀? Ṣé ẹran la wá rà ni?”

“Èkejì ni mo fẹ́.”

“Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án! Ó wúwo, á tún dí wa lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Kí ló ṣe eléyìí gan-an?” Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. “Ṣé kò sí o?”

“Kí ló fẹ́ wà?” Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ti ń fura.

Ó gbé èkejì fúnra rẹ̀, ó fi àyà tì í, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Pákó náà dá a lóhùn! Ohùn náà rìn gba egungun ìhà rẹ̀ kọjá títí dé ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé etí òun pé. Ó ké sí onísọ́ọ̀bù láìlajú:

“Ẹ bá mi dín sípíkà yẹn kù! Ó ti ń pariwo jù.”

Ó lajú. Onísọ́ọ̀bù dúró síbẹ̀, orí wáyà tó yọ lára èkíní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì kì í bọ èkejì rárá.

“Bọ̀dá mi,” àbúrò rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, “láti ìgbà wo?”

Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, ẹnu tó mú bí abẹ náà kọ̀. “Ọdún kẹta rèé.”

“Ọdún mẹ́ta! Ẹ̀ ń dúró sẹ́yìn mi lójoojúmọ́, ẹ ò sì lè sọ fún mi?” Inú bí i gidi, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Àdúróta di ọrùn béèsì náà mú, ó ń retí kó ní kí òun gbé e sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà, ojú onísọ́ọ̀bù ló sì wò.

“Ẹ ki wáyà bọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn.”

Sípíkà tàn. Ẹ̀gbọ́n ta á. Àbúrò sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn pákó níbi tó kan àyà rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé ó pọ̀ jù báyìí?” ó bi í.

“Mi ò mọ̀,” Àdúróta sọ, ohun tí kò tíì sọ rí láti ọdún mẹ́ta. “Ìwọ ni kó o máa sọ fún mi.”