Stop Loss Tí Wọ́n Fi Àdúrà Yọ Kúrò

Inú ṣì ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni ọmọbìnrin wa wà. Owó visa rẹ̀ àti ti ọkọ̀ òfurufú ló wà nínú account tí ọkọ mi fi ń ṣe trading. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo fi shift lórí shift kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jọ.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ardwick, nílùú òyìnbó tí a wà níbí, ló ń kọ́ ọkọ mi àtàwọn mìíràn ní trading lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ lédè tó máa yé mi. Ó ṣàlàyé, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní leverage ni pé ẹ mú pọ́n-ùn kan wá, ilé iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣòwò jẹ́ kí ẹ fi ra ọjà ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Mo ní, "Tí ọjà bá wálẹ̀ ńkọ́?" Ó ní àdánù orí gbogbo ọgbọ̀n yẹn, inú owó tiyín ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí stop loss fi wà: ẹ ó ti sọ fún ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ pé tí ọjà bá já dé ibi báyìí, kó tà á, kí ìyókù owó yín má bàa bá a lọ.

Ojú lalákàn kúkú fi ń ṣọ́rí. Ní wọ́ọ̀dù wa, a máa ń gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè fún aláìsàn tó lè ṣubú, kì í ṣe pé a fẹ́ kó ṣubú. Mo dúró ti ọkọ mi títí ó fi fi stop loss sí i.

Àṣé ní Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, bọ̀dá kan náà ti yí ohùn padà. Ó ní ẹni tó bá fi stop loss sí òwò rẹ̀ ti ń fẹnu ara rẹ̀ pe àdánù wọlé. Wọ́n fọwọ́ lé fóònù wọn, wọ́n ń pariwo, "Loss kì í ṣe ìpín wa!" Gbogbo wọn yọ ọ́ kúrò. Ọkọ mi ṣe àmín, kò sì sọ fún mi.

Inú tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ni mo wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Salford Quays, nígbà tó pè mí. Ọjà ti já. Nígbà tí owó wa ò lè gbé àdánù náà mọ́, ilé iṣẹ́ yẹn ti òwò náà pa fúnra wọn.

"Stop loss ńkọ́?"

"A yọ ọ́. Ìgbàgbọ́ ni."

"Ìgbàgbọ́ wo? Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo pariwo débi pé òyìnbó tó jókòó níwájú mi dìde lọ síbòmíràn.

Bọ̀dá náà wá sílé wá pẹ̀tù sí mi nínú. Ó ní àsìkò Ọlọ́run ló dára jù. Mo ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Ẹ ò rí àyà!

Nígbà tí ọmọ pè ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi ń na fóònù sí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un."

Ọmọ ní, "Daddy, ìgbà wo ni mò ń bọ̀?"

Ó ní, "Láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run."

Ọmọ mi dáhùn, "Àmín!"

Mo já fóònù gbà. Mo sọ fún un pé owó náà ti lọ, pé kò ní lè wá lọ́dún yìí.

Ó wá ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lọ gba ọmọlángidi mi padà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi? Mo ti fi ta á lọ́rẹ nígbà tí ẹ ní mò ń bọ̀."