Fíìṣì Àwáwù

Òórùn ìwé tó ń jó ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lánàá, níbí ní Tchamba. Ọmọ aládùúgbò mi ń sun ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́. Mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi bú sẹ́kún, ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Kambolé, ilé ìkàwé wa kò ju yàrá kan lọ. Bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ọ máa ń gbóòórùn ọwọ́ wa kí á tó fọwọ́ kan ìwé, nítorí òrí tí àwọn ìyá wa fi ń pa wá lára. Àwáwù ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í lé padà. Eérú ló fi ń fọ ọwọ́ tirẹ̀ nílé, tí ọwọ́ náà á gbẹ hánhán. Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni fíìṣì wà, páálí pẹlẹbẹ tí ẹni tó bá yá ìwé náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa òkun ni Àwáwù ń yá ṣáá. Àwáwù, Àwáwù, Àwáwù, láti òkè fíìṣì dé ìsàlẹ̀, ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn á sì fò sókè. Bàbá àgbà á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ mu òkun náà tán ni?"

Kò rí òkun títí ó fi kú. Bàbá rẹ̀ yọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Sokodé, wọ́n sì fún un lọ́kọ. Ibi ìkúnlẹ̀ àkọ́bí rẹ̀ ló kú sí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Èmi ni mo padà di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé náà. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dé, orí mi wú. Èmi ọmọ àgbẹ̀ oníṣu, èmi ni mo fẹ́ máa tẹ ẹ̀rọ! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Sokodé láti kọ́ mi. Gbogbo orúkọ orí fíìṣì ni a ní láti tẹ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìbí tí a ń wò nínú rẹ́jístà ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá Àwáwù kò ṣe ìwé ìbí fún ọmọbìnrin kankan.

"Táńtì, ẹ fò ó," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ẹ̀rọ ò gbà á."

Mo fò ó. Nígbà tí a parí, wọ́n ní kí á sun gbogbo fíìṣì kí àyè lè gba ẹ̀rọ. Èmi gan-an ni mo ṣáná sí i. Ǹ bá ti ki ẹyọ kan bọ ìdí aṣọ mi; ta ni ì bá tú mi wò? Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n pe ara mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ tí Àwáwù bí wá bá mi láti Sokodé lórí alùpùpù. Ó ti di abilékọ.

"Màmá, wọ́n ní ìyá mi máa ń kọ orúkọ rẹ̀ síbí. N kò ní fọ́tò rẹ̀, n kò ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀."

Mo tẹ orúkọ náà. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wò mí lójú: "Ṣé kò wá síbí rí ni?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé Goubi àti Bago ń ti ara rẹ̀ rí ìwé tí àwa kò lálàá rẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i. Àwa tí a wà nídìí rẹ̀ la ṣẹ̀. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó yọ bírò àti ìwé jáde, ó ní kí n kọ ọ́ fún òun bí ìyá òun ṣe ń kọ ọ́. Mo dijú. Mo rí ìrù lẹ́tà náà kedere. Mo kọ Àwáwù, mo tún un kọ, mo tún un kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi ló ń jáde ṣáá.